Wọ́n ní kí n kọ sílébọ́ọ̀sì fún láìbìrì iléèwé wa, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

tisa_ife:

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba kan ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, JSS2 àti SS1 ló wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá prínsípà wa pè mí, wọ́n ní láti táàmù tó ń bọ̀ èmi ni màá máa mójú tó láìbìrì, mo ní ẹ ṣé sà, mo rò pé kọ́kọ́rọ́ lásán ni wọ́n fẹ́ kó lé mi lọ́wọ́, àfi bí wọ́n tún ṣe ní kí n kọ sílébọ́ọ̀sì sí i, pé kíláàsì kọ̀ọ̀kan á máa wọ láìbìrì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí n máa kọ́ wọn bí èèyàn ṣe ń wá ìmọ̀ àti bó ṣe ń mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú. Information literacy ni wọ́n pè é.

Mi ò ní parọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára torí ojú mi ti rí nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí. Mo ní kí SS1 lọ kọ nípa omíyalé, ojú ìwé kan péré, ọmọ mẹ́tàdínlógún ló kọ nǹkan kan náà láti òkè délẹ̀, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ kọ "Read also" tí wọ́n máa ń fi sáàárín ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì sáàárín iṣẹ́ ẹ̀, ó wá fi báírò pupa fàlà sí i nídìí. Mo bi í pé kí lèyí, ó ní "Mà, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ nìyẹn." Mo rẹ́rìn-ín títí, ìgbà tó yá ẹ̀rín ọ̀hún ò dùn mọ́.

Láìbìrì tí à ń wí yìí náà, yàrá kan ni o. Àga tó ti kán lẹ́sẹ̀ ló gba ìdajì ẹ̀, ìwé tó wà níbẹ̀ ò lè ju igba lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì dàgbà jù mí lọ. Kọ̀ǹpútà ò sí. Iná, ẹ̀yin náà mọ̀. Mo wá àpẹẹrẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti Amẹ́ríkà ni gbogbo èyí tí mo rí, wọ́n á ní kí ọmọ jókòó sídìí dátábéèsì, dátábéèsì wo?

Ṣé kí n kọ ọ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó dá dúró, tó ní nótì àti ìdánwò tiẹ̀, àbí báwo? Kí ni JSS1 máa kọ́, kí ló máa kù fún SS? Ẹni tó bá ti ṣe é rí ni mo ń bẹ̀ o, ẹ má ní kí n lọ gbàdúrà sí i.

baba_laibiri:

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí iṣẹ́ láìbìrì ni mo ti jẹun títí mo fi fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Ẹ má kọ ọ́ bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Mo ti dán an wò rí, mo kọ nótì fún JSS1, kí ni index (àtòjọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ìwé tó ń sọ ojú ìwé tí wọ́n wà), kí ni catalogue (àkọsílẹ̀ àwọn ìwé tó wà ní láìbìrì), wọ́n há a sórí, wọ́n gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé ìwé Agric fún ọmọ tó gba máàkì jù, mo ní kó bá mi wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i léwé léwé láti ojú ìwé kìíní. Index wà lẹ́yìn ìwé ọ̀hún gbàgede o! Ọjọ́ yẹn ni mo jáwọ́ nínú nótì.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wá tíṣà kan tó ti fẹ́ fún wọn níṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí ẹ jọ pín in. Òun á mú ìbéèrè wá, ẹ̀yin á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa wá ìdáhùn ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi Agric ṣe é, torí kòkó ò jìnnà sí wa. Ká ní tíṣà Agric ní kí SS1 lọ wádìí ìdí tí kòkó fi ń dúdú tó sì ń jẹrà lórí igi nígbà òjò. Kó tó di pé ọmọ ṣí ìwé kankan, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ní kó wá. Ẹ máa rí i pé ìdajì kíláàsì máa fẹ́ lọ kọ ìtàn kòkó láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọn ò gbọ́ ìbéèrè. Lẹ́yìn náà ẹ bi wọ́n pé ta ló lè mọ̀ ọ́n. Ìwé Agric, bàbá tó ní oko, àwọn CRIN tó ń ṣèwádìí kòkó ní Ìbàdàn, ẹni tó ń ta oògùn tí wọ́n ń fọ́n. Èwo la máa kọ́kọ́ lọ bá, kí ló dé? Wọ́n á wá lọ wá a, wọ́n á kà á, wọ́n á kọ kìkì èyí tó dáhùn ìbéèrè, wọ́n á pa èyí tí bàbá sọ pọ̀ mọ́ èyí tí ìwé sọ, kí wọ́n tó fi sílẹ̀ wọ́n á tún bi ara wọn pé ṣé ohun tí wọ́n bi wá la dáhùn.

Ohun tí Mike Eisenberg àti Bob Berkowitz pè ní Big6 nìyẹn, ìwé wọn lórí ẹ̀ jáde ní 1990, ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni, mo kàn kà á fún yín láì sọ orúkọ wọn ni. Gbólóhùn information literacy tiẹ̀ ti wà ṣáájú ìyẹn, Paul Zurkowski ló lò ó ní 1974, ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló sì ń sọ nígbà náà, kì í ṣe ti ọmọ iléèwé. Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan ṣoṣo làwa máa ń ṣe nílé yìí: "Ẹ lọ wá a." Ṣé ẹ wá rí i pé "Read also" ọmọ yín kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ nìkan. Ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin náà lẹ ní kó lọ kọ nípa omíyalé, ẹ ò bi í ní nǹkan kan nípa omíyalé. Tó bá jẹ́ pé ẹ bi wọ́n pé àdúgbò wo ní Ifẹ̀ ni omi máa ń yà wọ̀, kí ló sì fà á níbẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ dà á kọ lọ́wọ́ ẹ̀?

isiro_nikan:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ máà bínú o, ṣùgbọ́n príọ́dù wo ló kù nílẹ̀ tí ẹ fẹ́ lò? Èmi tíṣà Maths, Ìlẹ̀ṣà ni mo wà, wọ́n ti gba príọ́dù kan lọ́wọ́ mi fún eré ìdárayá, ọ̀kan tún lọ fún assembly tó ń pẹ́ bíi ìsìn ìparí ọdún. WAEC ò ní bi ẹnikẹ́ni ní Big6. Òbí tó san owó lẹ́sìn ọmọ ẹ̀, máàkì ló fẹ́ rí. Kí ẹ má lọ kọ sílébọ́ọ̀sì tó dára lórí bébà tó jẹ́ pé ẹ̀rù ló máa jẹ́ fún tíṣà.

omo_obokun:

@isiro_nikan bọ̀ọ̀dá mi, ìlú kan náà la wà, ẹ gbọ́ tèmi. WAEC ò bi wọ́n ní Big6 lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ni summary nínú Paper 2 Gẹ̀ẹ́sì? Kí ọmọ ka nǹkan, kó yọ kókó ibẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ sọ ọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń ṣubú torí kò sẹ́ni tó kọ́ wọn rí, dídà kọ ni wọ́n ti ń ṣe bọ̀ láti praímárì. Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì sì ni ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà príọ́dù tiwọn náà ni wọ́n máa lò, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan Maths yín.

Tíṣà_ife, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ mà. Èmi ò ní láìbìrì rárá, kọ́bọ́ọ̀dù kan ló wà ní stáàfù-rúùmù, mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Nǹkan tí mo ń ṣe nìyí, mo máa ń kọ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́séèjì tí wọ́n ń fọ́n káàkiri lórí WhatsApp sójú bọ́ọ̀dù, gbogbo ẹ̀ pátá, títí kan "ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́wàá". Mo kì í bi wọ́n pé ṣé òótọ́ ni. Tẹ́ ẹ bá bi wọ́n báyẹn ariwo ni, àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ní irọ́ ni, ẹni tóhùn ẹ̀ bá le jù ló máa wọlé. Ohun tí mò ń bi wọ́n ni pé ta ló sọ ọ́, ibo lẹni yẹn ti gbọ́ ọ, ta ló tún sọ ọ́ yàtọ̀ sí i. Kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó máa jókòó títí a ó fi rí orísun ẹ̀. Òṣómàáló ni mo pe eré náà. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ lè máa fi Ìjẹ̀ṣà ṣe yẹ̀yẹ́, bí àwọn bàbá wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè aṣọ títí tó fi máa sanwó nìyẹn, orísun ìròyìn náà, a ó lóṣòó tì í ni. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ọ̀kan lọ lóṣòó ti àbúrò ìyá ẹ̀ nílé lórí ọ̀rọ̀ àgbo kan, wọ́n fẹjọ́ ẹ̀ sùn mí.

Èyí tí mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi iyọ̀ nígbà Ebola ní 2014. Ẹ̀yin náà rántí, ọ̀gànjọ́ òru ni wọ́n ń pe ara wọn jí pé kí wọ́n fi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n mu ún. Ìyá mi pè mí láago mẹ́ta òru, mo sì wẹ̀ ẹ́ o! Àwọn kan kú nítorí ẹ̀, WHO fúnra wọn ní láti jáde sọ pé irọ́ ni. Tí mo bá ti sọ pé èmi náà wẹ̀ ẹ́, kíláàsì á pa rọ́rọ́, wọ́n á mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ni mo fẹ́ pè ní òmùgọ̀.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kiní kan kún tiyín. Àwọn kan máa ń kọ́ ọmọ pé kó wo ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ dáadáa, ṣé ó mọ́, ṣé ó ní déètì, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ dán. Ó ń tan ni jẹ. Sam Wineburg àti Sarah McGrew ní Stanford dán an wò, wọ́n gbé e jáde ní 2017: òpìtàn mẹ́wàá tó ti gba oyè dókítà, akẹ́kọ̀ọ́ Stanford mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti àwọn mẹ́wàá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ yíyẹ ìròyìn wò. Àwọn òpìtàn àti akẹ́kọ̀ọ́ dúró sójú ìwé kan náà, wọ́n ń kà á tọkàntọkàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó sí i. Àwọn tó ń yẹ ìròyìn wò kì í dúró, wọ́n á tètè kúrò níbẹ̀ lọ wo ohun tí àwọn ẹlòmíì sọ nípa ẹni tó ni ín. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wádìí ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa. Ẹ ò ní bi ọkọ ìyàwó fúnra ẹ̀ pé ṣé èèyàn dáadáa ni.

Fóònù mi là ń lò o, détà mi náà ni, ìyàwó mi ò tíì mọ̀.

iya_enuwa:

Ẹ̀rín pa mí lórí onígbèsè aṣọ yẹn 😂 Ìjẹ̀ṣà, a gbọ́.

Àǹtí tíṣà, Ifẹ̀ lẹ wà tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ lọ Amẹ́ríkà? Mo kọ́ History fọ́jọ́ pípẹ́, ẹ fún SS ní ọ̀rọ̀ Frobenius. Leo Frobenius, ará Jámánì, ó dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí orí idẹ tí a mọ̀ sí Orí Olókun, ó wá kọ ọ́ sínú ìwé pé kò lè jẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ló ṣe é, pé iṣẹ́ àwọn Gíríìkì ni, pé ilẹ̀ Atlantis tí wọ́n ní ó rì sómi, ilẹ̀ wa níbí ni. Ìwé tó nípọn o, tó ní àwòrán, ẹni tó kọ ọ́ sì gbajúmọ̀. Tí ọmọ bá wo ojú ìwé nìkan, ohun tí omo_obokun ní ó ń tan ni jẹ yẹn, ó tán, á gbà á gbọ́. Ẹ wá sọ fún wọn pé 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, hú àwọn orí idẹ mìíràn jáde. Kí lẹni tó kọ ìwé yẹn ti rí nígbà tó ń kọ ọ́? Kí ló ti gbà gbọ́ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá? Lẹ́yìn náà ẹ kó wọn lọ sí Mùsíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwá, kí wọ́n lọ fojú ara wọn rí i. Ọmọ Ifẹ̀ mélòó ló ti wọbẹ̀ rí? Ẹ ká wọn, ojú á tì yín.

Ti Ọ̀pá Ọ̀rányàn náà wà níbẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àgbà mẹ́ta léèrè ìtàn ẹ̀, ìtàn mẹ́ta ni wọ́n máa bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀. Kí wọ́n má yan ọ̀kan kí wọ́n da ìyókù nù o, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ta ló sọ èyí, agboolé wo ló ti wá, ọjọ́ wo ló sọ ọ́. Iṣẹ́ ìwádìí nìyẹn.

Kiní kan tó máa ń dùn mí: ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Yorùbá béèrè ìbéèrè. Ọmọ tí kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè ohun tí kò yé e, dídà kọ ló kù fún un. Ìlú wa yìí ni wọ́n ti dán an wò, 1970 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní praímárì St. Stephen's ní Mọ́dákẹ́kẹ́, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bíi sọ́bújẹ́ẹ̀tì. Wọn ò kẹ́yìn àwọn tó kù.

Ẹ sì fi ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá sí láìbìrì yẹn, ẹ fi kọ́ JSS1 bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀. Ọmọ tó ń wá "gbọ̀ngàn" á máa tú abẹ́ G, kò ní rí i láéláé, torí lẹ́yìn tí "gùn" bá ti kọjá ni Gb tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni. Ẹ dán tíṣà ẹgbẹ́ yín náà wò, ẹ máa rẹ́rìn-ín.

tisa_ife:

Ẹ̀yin èèyàn yìí, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Bàbá, ẹ bá mi wí, mo gbà, òótọ́ ni, mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wọn nínú iṣẹ́ omíyalé yẹn.

Ó ku méjì. Àwọn tó ń lo AI ńkọ́? Àwọn SS2 kan ti mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ wọn á mọ́ lóló, kò ní sí "Read also" níbẹ̀ mọ́ tí màá fi mú wọn. Ìkejì, ṣé kò ní sí máàkì fún un ni? Ohun tí kò bá ní máàkì lọ́dọ̀ wa, bí eré ni.

omo_obokun:

AI ò le tó bẹ́ẹ̀ mà. Ẹ ní kí wọ́n bi í ní gbangba, ní kíláàsì, kó sọ ìtàn àdúgbò tí iléèwé yín wà, kó sì dárúkọ ìwé márùn-ún tó ti kà á. Á sọ ọ́ o, pẹ̀lú ìgboyà bíi ti lọ́yà. Kí wọ́n wá lọ wá ìwé márààrún. AI máa ń hùmọ̀ orúkọ ìwé tí kò sí níbì kankan láyé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn tèmi rí i, ẹnì kan ní "Sà, ó ń parọ́ bíi èèyàn!" Láti ọjọ́ yẹn wọ́n ń lóṣòó ti òun náà.

baba_laibiri:

Ti máàkì, ẹ bẹ tíṣà tí ẹ jọ ń ṣe é kó yọ márùn-ún tàbí mẹ́wàá nínú CA tiẹ̀ fún ọ̀nà tí ọmọ gbà wá a, kì í ṣe fún ohun tó fi sílẹ̀ nìkan. Ẹ fún wọn ní ìwé kékeré kan, kí wọ́n máa kọ sí i: kí ni mo ń wá, ibo ni mo wá a dé, kí ni mo rí, kí ni mi ò rí. Ẹ̀rọ kankan ò lè bá wọn kọ ibi tí wọ́n dé tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Tí prínsípà bá bi yín pé lábẹ́ òfin wo, National Policy on Education fúnra ẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ni iléèwé gbọ́dọ̀ pèsè láìbìrì tó ń ṣiṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ìwé tí ẹ máa tẹ̀ lé, IFLA School Library Guidelines ti 2015, ti ẹgbẹ́ àwọn láìbìrì lágbàáyé, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, UNESCO náà ní tiwọn fún tíṣà, 2011 ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má dà á kọ o, ẹ̀yin náà.

Ní ti kíláàsì, JSS1, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ara ìwé: àkóónú iwájú, index ẹ̀yìn, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹni tó kọ ọ́. Ẹ kó igba ìwé yẹn sí abẹ́ nọ́ńbà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà tí àwọn láìbìrì fi ń pín ìwé sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, àwọn ọmọ ni kí ẹ jẹ́ kó ṣe é, 500 sáyẹ́ǹsì, 900 ìtàn àti jọ́gíráfì, wọn ò ní gbàgbé láé. Ìwé tó dàgbà jù yín lọ yẹn, ẹ má sun ún, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tuntun, kí wọ́n wá ohun tó ti yí padà. Ìwé máàpù Nàìjíríà tó bá jẹ́ ti àtijọ́, ìpínlẹ̀ 19 ló máa wà nínú ẹ̀, Ọ̀ṣun ò tíì sí. Ẹ bi wọ́n pé ṣé ìwé yẹn parọ́ ni. JSS2 sí 3, ìbéèrè àti àkọsílẹ̀. SS, ẹ fi Frobenius àti òṣómàáló síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀ ní táàmù kan, kíláàsì kan péré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

tisa_ife:

Mo ti bá tíṣà Agric sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ yìí, wọ́n ní kòkó yẹn bọ́ sí i gẹ́lẹ́, ó wà nínú scheme wọn fún ọ̀sẹ̀ kẹrin. SS1 A nìkan. Ọmọ mẹ́fà nínú kíláàsì yẹn ni bàbá wọn ní oko, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Sátidé a máa kó àwọn àga kíkán yẹn jáde, káfíńtà kan láti Sabo ti ní òun máa wá wò ó.

isiro_nikan:

Àǹtí, èló ni káfíńtà yẹn ń gbà? Tí ó bá tún àga mẹ́wàá ṣe, ẹ bá mi tọ́jú márùn-ún. Àwọn JSS3 mi ń jókòó sórí fèrèsé ṣe Maths. Màá wá fi mọ́tò gbé e.